Ta ló ń pàṣẹ pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti gba tíọ́rì tuntun?

Afìbéèrèṣiṣẹ́ béèrè:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà orí pèpéle yìí. Nínú ìwé, a sábà máa ń rí i kà pé "lọ́dún báyìí, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbà pé..." Àwọn wo gan-an? Ṣé wọ́n dìbò ni? Àbí ìgbìmọ̀ kan wà tó ń fi òǹtẹ̀ lù ú?

Ní 1912, Alfred Wegener, onímọ̀ ojú ọjọ́ ará Jámánì, ní àwọn kọ́ńtínẹ́ǹtì ń rìn. Ó gbà tó nǹkan bí ọdún 55 kí wọ́n tó gbà fún un, òun fúnra rẹ̀ sì ti kú tipẹ́. Ẹ wá wo ti 1998, nígbà tí ẹgbẹ́ awòràwọ̀ méjì sọ pé eré tí àgbáálá ayé fi ń fẹ̀ ń pọ̀ sí i ni. Ọ̀rọ̀ yẹn yani lẹ́nu ju ti Wegener lọ, síbẹ̀ kò pẹ́ tó fi wọnú ìwé ẹ̀kọ́. Kí ló fa ìyàtọ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé "ẹ̀rí ló pọ̀". Irú ẹ̀rí wo? Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Kí ló sì máa ń bà á jẹ́ lójú ọ̀nà?

ÒkútaLóMọ̀ fèsì:

Kò sí ìbò o. Ìgbà kan tí gbogbo ayé gbọ́ pé àwọn awòràwọ̀ dìbò, ìyẹn lórí Pluto ní oṣù kẹjọ 2006, orúkọ ni wọ́n ń dìbò lé lórí: kí ni ká máa pè ní pílánẹ́ẹ̀tì. Bí Pluto ṣe ń yí oòrùn po kò tìtorí ìyẹn yí padà.

Ti Wegener tí ẹ mú wá, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọlọ́gbọ́n kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn olórí kunkun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ohun tó kó sílẹ̀: etí Gúúsù Amẹ́ríkà àti ti Áfíríkà tó wọnú ara wọn, egungun Mesosaurus, ẹranko afàyàfà kékeré inú omi, tí wọ́n rí ní apá méjèèjì òkun Àtìláńtíìkì tí wọn ò sì rí níbòmíràn, ewé Glossopteris tó ti di òkúta ní Gúúsù Amẹ́ríkà, Áfíríkà, Íńdíà, Ọsirélíà àti Antarctica, àmì ibi tí yìnyín ti ha òkúta níbi tó jẹ́ pé ooru ló ń mú níbẹ̀ lónìí. Ẹ̀rí gidi ni gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Agbára tó ní ó ń ti kọ́ńtínẹ́ǹtì lọ, ìyẹn èyí tí yíyí ayé ń mú wá àti èyí tó ń wá láti ara òṣùpá àti oòrùn, kéré jọjọ. Harold Jeffreys, onímọ̀ ìṣirò àti físíìsì ayé, jókòó, ó ṣírò rẹ̀, ó sì rí i pé kò lè sún ohunkóhun. Ìṣirò Jeffreys tọ̀nà! Yàtọ̀ sí ìyẹn, Wegener ní Greenland ń sún ní ọ̀pọ̀ mítà lọ́dọọdún, torí pé ìwọ̀n tó gbára lé kún fún àṣìṣe. Sẹ̀ǹtímítà mélòó kan ni a mọ̀ ọ́n sí lónìí. Àwọn alátakò náà sì ní àlàyé tiwọn lórí ẹranko àti ewé wọ̀nyẹn: wọ́n ní ilẹ̀ tóóró kan ló so àwọn kọ́ńtínẹ́ǹtì pọ̀ nígbà kan rí, pé ó ti rì. Àlàyé yẹn náà ń jò, torí òkúta orí ilẹ̀ fúyẹ́ ju ti ìsàlẹ̀ òkun lọ, kò lè rì bẹ́ẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kó kúrò nínú ilé tó ń jò lọ sí èyí tí kò ní òrùlé rárá?

Wọ́n máa ń sọ pé àìmọ agbára tó ń tì í nìkan ló dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1930, Arthur Holmes, onímọ̀ nípa òkúta, ti sọ pé òkúta gbígbóná tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ń yí po díẹ̀díẹ̀ bí omi orí iná, pé ìyẹn ló ń gbé kọ́ńtínẹ́ǹtì rìn. Ìdáhùn tó sún mọ́ òótọ́ pẹ́kípẹ́kí nìyẹn, kò sì yí nǹkan kan padà. Ohun tí wọn ò ní ni ìwọ̀n. Ìsàlẹ̀ òkun ni ẹ̀rí náà wà, kò sì sẹ́ni tó tíì débẹ̀.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni ọkọ̀ ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹ̀rọ tó ń wọn mágínẹ́ẹ̀tì kiri lórí òkun. Ilà ni wọ́n ń rí: ibi tí agbára náà le díẹ̀, ibi tó rọ̀ díẹ̀, ilà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà. Ní 1963, Fred Vine àti Drummond Matthews ṣàlàyé rẹ̀ báyìí: òkúta yíyọ́ ń jáde lójú òkè tó la àárín òkun kọjá, bó ṣe ń tutù, ó ń gba àmì ibi tí mágínẹ́ẹ̀tì ayé kọjú sí lásìkò náà, mágínẹ́ẹ̀tì ayé a sì máa yí orí sódì lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Lawrence Morley ní Kánádà kọ ohun kan náà lọ́dún yẹn, jọ́nà méjì, ìyẹn ìwé tí wọ́n ti ń gbé ìwádìí jáde, ló dá a padà fún un. Ti Vine àti Matthews tó rí ọ̀nà jáde pàápàá, ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ fojú àbá lásán wò ó.

1966 ni nǹkan yí padà. Ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Eltanin ti gba orí òkè ìsàlẹ̀ òkun Pàsífíìkì níhà gúúsù kọjá. Tẹ́ ẹ bá mú ìlà tí ẹ̀rọ rẹ̀ fà sórí pépà, tẹ́ ẹ ká pépà náà sí méjì gẹ́gẹ́ níbi tí òkè yẹn wà, apá ọ̀tún á gùn lé ti òsì: gegele lórí gegele, kòtò lórí kòtò. Nǹkan tí Vine àti Matthews ní ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Kò tán síbẹ̀. Allan Cox àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi potassium àti argon ka ọjọ́ orí òkúta tí òkè ayọnáyèéfín tú sórí ilẹ̀, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí mágínẹ́ẹ̀tì yí sódì. Neil Opdyke náà ń ka àmì kan náà nínú ẹrẹ̀ tí wọ́n fi páìpù gùn jáde nísàlẹ̀ òkun. Ìgbà kúkúrú kan wà tí mágínẹ́ẹ̀tì yí orí padà, tó ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn, tí wọ́n sọ ní Jaramillo. Ó yọ nínú òkúta orí ilẹ̀, ó yọ nínú ìlà tí ọkọ̀ fà, ó tún yọ nínú ẹrẹ̀, níbi tó yẹ kó wà gan-an. Ohun tó lè ba òkúta jẹ́ kọ́ ló ń ba ẹrẹ̀ jẹ́. Ohun tó lè tan ẹ̀rọ ọkọ̀ jẹ kò kan potassium. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wá sọ ohun kan náà, ibo lèèyàn fẹ́ gbà sá?

Ní 1965, Tuzo Wilson ti sọ pé níbi tí òkè àárín òkun ti ṣẹ́, tí apá kan lọ sọ́tùn-ún tí èkejì lọ sósì, òdìkejì ohun tí ojú ń rí ni ilẹ̀ á máa sún sí. Lynn Sykes lọ ka ìmìtìtì ilẹ̀ irú ibẹ̀, ó sì rí i ní 1967 pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Láàárín 1968 sí 1969, ọkọ̀ Glomar Challenger gbẹ́ ìsàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì ti gúúsù: bí wọ́n ṣe ń jìnnà sí òkè àárín ni ẹrẹ̀ tó wà lórí òkúta ń dàgbà sí i.

Torí náà, ọdún 55 tí ẹ kà yẹn, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ìdúró de irinṣẹ́. Ìyíniléròpadà fúnra rẹ̀ ò ju bí ọdún méjì sí mẹ́ta lọ.

Ti 1998 yá torí pé irinṣẹ́ ti wà nílẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì tó ń bára wọn díje ló wọn ìbúgbàù ìràwọ̀ tó jìnnà réré. Àwọn méjèèjì ń retí pé eré tí àgbáálá ayé fi ń fẹ̀ á máa dín kù ni, àwọn méjèèjì sì bá òdìkejì pàdé. Nígbà tó di 2000, ìwọ̀n ìtànṣán àtijọ́ tó kún ojú ọ̀run, tó jẹ́ iṣẹ́ mìíràn pátápátá, tún nílò ohun kan náà kí ìṣirò rẹ̀ tó lè jọ. Bí ẹni rí kọ́kọ́rọ́ tó wọ ihò ìlẹ̀kùn ni: ihò ti wà nílẹ̀, ohun tó bá a mu ló dé.

Ìwọ̀nLọba fèsì:

Ọ̀gá ÒkútaLóMọ̀ ti kó èyí tó pọ̀ jù tán. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀nà tí iṣẹ́ kan ń gbà, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń ṣì í gbọ́.

Onímọ̀ ṣe ìwádìí, ó kọ ọ́. Nínú físíìsì, ó máa ń kọ́kọ́ gbé e sórí arXiv, ojú òpó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, kí gbogbo ayé rí i kí jọ́nà tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ó fi ránṣẹ́ sí jọ́nà. Olóòtú á wò ó. Èyí tí kò bá wù ú, orí tábìlì rẹ̀ ló parí sí. Èyí tó bá kọjá, á gbé e fún ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó mọ iṣẹ́ náà. Wọn kì í sábà gbowó, òǹkọ̀wé kì í sì í sábà mọ orúkọ wọn. Wọ́n á béèrè pé ṣé ìwọ̀n yìí tó, ṣé àlàyé mìíràn ò lè gba ibẹ̀, ibo lo fi àfiwé sí. Ó lè gba oṣù mélòó kan, ó sì lè ju ọdún kan lọ.

Àwọn olùyẹ̀wò yìí KÌ Í tún àyẹ̀wò náà ṣe. Wọn ò wọ láàbù. Pépà ni wọ́n kà. Torí náà bí iṣẹ́ bá jáde nínú jọ́nà, ohun tó túmọ̀ sí kò ju pé ó tó ká jókòó tì í. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tún ìwádìí 100 ṣe, èyí tó ti jáde nínú jọ́nà tó lórúkọ. Nínú ti àkọ́kọ́, 97 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní èsì tó gúnlẹ̀ lójú ìṣirò. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, 36 péré ló dúró.

Kí ló máa ń fà á? Àwọn tí wọ́n wọ̀n kéré jù. Tàbí kí onímọ̀ rí dátà tán kó tó yan irú ìṣirò tó fẹ́ ṣe, kó gbìyànjú mẹ́jọ kó sì ròyìn ọ̀kan. Tàbí kí ohun pàtàkì má sí nínú ìwé. Ẹ rántí ariwo 23 oṣù kẹta 1989, nígbà tí Martin Fleischmann àti Stanley Pons ní àwọn fi iná mànàmáná àti omi wíwúwo (omi tí hydrogen inú rẹ̀ wúwo ju ti omi lásán lọ) bí irú agbára tó wà nínú oòrùn sínú ìgò lórí tábìlì. Àwọn oníròyìn ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Àwọn tó fẹ́ tún un ṣe kò rí àlàyé tó pé, ohun tí wọ́n rí nínú ìròyìn ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Láàbù kan kéde pé òun rí neutron, ẹ̀yà tíntìntín inú átọ́ọ̀mù tó yẹ kí irú agbára bẹ́ẹ̀ tú jáde, kó tó wá hàn pé ooru lásán ni ẹ̀rọ tó ń ka neutron náà ń dáhùn sí. Bó bá sì jẹ́ òótọ́ ni ooru tí wọ́n ní àwọn rí, neutron tó yẹ kó bá a jáde á tó pa ẹni tó dúró tì í. Kò sẹ́ni tó kú. Ọdún yẹn ò tíì parí tí ọ̀pọ̀ ti fi í sílẹ̀.

Nínú físíìsì, wọ́n ní òdiwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní 5 sigma kí wọ́n tó sọ pé àwọn ti rí nǹkan. Sigma ni wọ́n fi ń wọn bí àmì ṣe ga ju ariwo dátà lásán lọ; 5 sigma jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú bíi mílíọ̀nù 3.5. Òun ni ẹgbẹ́ ATLAS àti CMS, tí wọ́n ń lo ẹ̀rọ méjì tí wọ́n kọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní CERN, ilé ìwádìí físíìsì ńlá lẹ́bàá Geneva, dé ní 4 oṣù keje 2012 tí wọ́n fi kéde Higgs, ẹ̀yà tíntìntín kan tí wọ́n ti ń wá tipẹ́, tí ìwúwo rẹ̀ tó nǹkan bí 125 GeV (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀).

Ṣùgbọ́n sigma nìkan ò tó, ẹ wo ẹgbẹ́ OPERA. Oṣù kẹsàn-án 2011, wọ́n wọn eré neutrino, ẹ̀yà tíntìntín tó lè la ilẹ̀ kọjá, tó ti CERN gba inú ilẹ̀ lọ sí Gran Sasso ní Ítálì, 730 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ á rin ìyẹn ní nǹkan bí 0.0024 ìṣẹ́jú àáyá. Neutrino wọn fi nǹkan bíi nanosẹ́kọ́ńdì 60 (nanosẹ́kọ́ńdì kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá) yá ju ìmọ́lẹ̀ lọ, ní 6 sigma. Bó bá jẹ́ òótọ́, ìpìlẹ̀ iṣẹ́ Einstein, pé kò sí ohun tó lè yá ju ìmọ́lẹ̀ lọ, ti wó nìyẹn.

Ta ló gbà á? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Kì í ṣe agídí. Ní 1987, ìràwọ̀ kan bú gbàù níbi tó fi nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 168,000 jìnnà sí wa. Neutrino rẹ̀ fi wákàtí mélòó kan ṣáájú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé, torí pé ó máa ń pẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó rí ọ̀nà jáde nínú ìràwọ̀ tó ń fọ́. Ká ní eré tí OPERA wí ni wọ́n sá ni, ọdún mẹ́rin ló yẹ kí wọ́n fi ṣáájú. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín: nanosẹ́kọ́ńdì 60 nínú 0.0024 ìṣẹ́jú àáyá jẹ́ 0.000025, ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 168,000.

Wáyà ló fà á. Wáyà ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé àkókò láti ara GPS wọ inú aago àgbà wọn kò wọlé dáadáa, wọn ò yí i dé ìdí. Ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá níbẹ̀ wá rẹlẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbà á ń pẹ́ kó tó kún dé ibi tó ti ń sọ pé "ó ti dé", aago náà sì ń fà sẹ́yìn ní nǹkan bíi nanosẹ́kọ́ńdì 70. Aago tó fà sẹ́yìn á ní àlejò tètè dé. Àṣìṣe kékeré mìíràn tún wà nínú aago náà tó ń fà á sódì kejì. Ní oṣù kẹta 2012, ẹgbẹ́ ICARUS, nínú ihò òkè kan náà, fi ẹ̀rọ tiwọn wọn neutrino kan náà: eré ìmọ́lẹ̀ gẹ́lẹ́.

Sigma ń ka àṣìṣe tó bá ń lọ sókè sódò. Wáyà tí kò wọlé kì í lọ sókè sódò, apá kan náà ló ń fà sí lójoojúmọ́; bí ẹ bá fẹ́, ẹ wọ̀n ọ́n ní mílíọ̀nù ìgbà, sigma yín á kàn máa ga sí i ni. Ẹ̀rọ ẹlòmíràn nìkan ló lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Afìbéèrèṣiṣẹ́:

Ẹ ṣeun gan-an ni o. Ti wáyà yẹn dùn mọ́ mi. Ìbéèrè méjì ló kù. Mo rí i kà níbì kan pé Eddington, awòràwọ̀ ará Bìrìtìkó, yan dátà tó wù ú ní 1919, kó lè gbè lẹ́yìn tíọ́rì Einstein lórí bí oòrùn ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Èkejì, ọgbẹ́ inú: ṣé ohun tí wọ́n máa ń sọ, pé dókítà kan gbé kòkòrò mu, tí gbogbo wọn sì gbà, bó ṣe lọ nìyẹn?

Ìràwọ̀Òwúrọ̀ fèsì:

Èmi á dáhùn ti 1919.

Ní 29 oṣù karùn-ún, òṣùpá bo oòrùn pátápátá. Ẹgbẹ́ kan lọ sí Sobral ní Brazil, Eddington lọ sí erékùṣù Príncipe. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó kọjá létí oòrùn ṣe tẹ̀ tó. Ẹ pín dígírì kan sí ọ̀nà 3,600, ẹ pe ọ̀kan ní sẹ́kọ́ńdì. Einstein ní 1.75 ni létí oòrùn gan-an. Èèyàn tó bá fi ìṣirò Newton ṣe é á rí ìdajì, 0.87. Lórí dígí tí wọ́n fi ya fọ́tò, ìyàtọ̀ tí wọ́n ń wá kò ju ìdá kan nínú ogún mìlímítà lọ, ìràwọ̀ tó bá sì jìnnà sí etí oòrùn kéré sí ìyẹn. Wọ́n tún ní láti ya ìràwọ̀ kan náà lóru, nígbà tí oòrùn bá ti kúrò níbẹ̀, kí wọ́n lè fi wé ara wọn. Ìdí nìyẹn táwọn ti Sobral fi wà níbẹ̀ títí di oṣù keje.

Awò mẹ́ta ló ṣiṣẹ́. Awò kékeré Sobral mú dígí méje jáde tó dára, ìràwọ̀ méje lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: 1.98, àṣìṣe 0.12. Ìkùukùu bo Príncipe, dígí méjì péré ló ṣe é lò nínú 16: 1.61, àṣìṣe 0.30. Awò ńlá Sobral ló mú wàhálà wá: nǹkan bí 0.93, tó sún mọ́ ti Newton. Òun ni wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ibẹ̀ sì ni ẹ̀sùn yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ wà nínú ìwé tí wọ́n kọ sílẹ̀: ooru ti ba ojú awò náà jẹ́, ìràwọ̀ orí dígí rẹ̀ fẹ̀, ó rú. Bí ojú awò bá sì yí padà bẹ́ẹ̀, gbogbo àwòrán á tóbi sí i tàbí kó kéré sí i, ìyẹn nìkan sì lè dà bí ìtẹ̀ ìmọ́lẹ̀. Ní 1979, wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbàlódé tún àwọn dígí náà wọ̀n: awò ńlá tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ mú 1.55 wá, àṣìṣe 0.34. Ti Einstein wà nínú rẹ̀, ti Newton ti bọ́ síta. Nítorí náà mo lè sọ pé wọ́n pinnu dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ẹ̀rí yẹn kò tó ní 1919 kò purọ́. Ọ̀pọ̀ awòràwọ̀ ò kúkú tíì gbà. Ní 1922, Campbell àti Trumpler lọ ya tiwọn ní Wallal ní Ọsirélíà, ìràwọ̀ pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì: 1.72, àṣìṣe 0.11. Ìyẹn ló pa àwọn alátakò tó mọ iṣẹ́ lẹ́nu mọ́.

Ẹ fi kún un pé Einstein ti yanjú gbèsè àtijọ́ kan ṣáájú: ọ̀nà tí pílánẹ́ẹ̀tì Mercury ń gbà, tó ń fi 43 sẹ́kọ́ńdì yàtọ̀ sí ìṣirò ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Kò sẹ́ni tó ní kó wá yanjú rẹ̀, kò sì sí nọ́ńbà kankan tó fi lè tún tíọ́rì náà ṣe kó lè bá a mu. Irú ẹ̀rí yẹn máa ń wúwo gan-an.

ỌmọÌgbàyí fèsì:

Gbogbo àlàyé yìí dára, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Àwọn àgbà kì í gbà. Wọ́n á kú, àwọn ọ̀dọ́ á gbapò. Max Planck, onímọ̀ físíìsì àgbà, ti sọ ọ́.

ÒkútaLóMọ̀ fèsì:

@ỌmọÌgbàyí, Planck sọ ọ́, kò wọ̀n ọ́n. Ní 1978, David Hull àti ẹlẹgbẹ́ méjì wọn bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Bìrìtìkó ṣe gba àlàyé Darwin lórí ìpilẹ̀ṣẹ̀ àwọn ẹ̀yà. Ọjọ́ orí kò ṣàlàyé tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn.

Nínú ọ̀rọ̀ kọ́ńtínẹ́ǹtì, Tuzo Wilson tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ alátakò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ti lé ní 50 ọdún nígbà tó yí padà, òun ló sì wá ṣíwájú. Jeffreys ní tirẹ̀ kò yí padà títí tó fi kú ní 1989. Ta ló dúró dè é? Nígbà yẹn, ìran mélòó kan ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà ní yunifásítì.

Apakòkòrò fèsì:

Èyí tó kan ọgbẹ́ inú: rárá, kò lọ bẹ́ẹ̀.

Robin Warren, dókítà tó ń yẹ ẹran ara wò, ni ó ti ń rí kòkòrò títẹ̀ kan nínú ẹran inú táwọn dókítà gé wá fún un ní Perth ní Ọsirélíà. Dókítà Barry Marshall bá a dara pọ̀. Wọ́n gbìyànjú títí láti mú kòkòrò náà hù nínú àwo, kò hù, torí wọ́n máa ń da àwo nù lẹ́yìn ọjọ́ méjì, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún kòkòrò mìíràn. Ní ìsinmi Àjíǹde 1982, àwo wà nílẹ̀ fún ọjọ́ bíi márùn-ún. Ìgbà tí wọ́n dé, ó ti hù. Kòkòrò tó ń lọ́ra ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 1984 wọ́n kọ iṣẹ́ lórí nǹkan bí 100 aláìsàn sínú jọ́nà ìṣègùn Lancet. Ìtakò tó wà nílẹ̀ nítumọ̀: àsíìdì ikùn ń pa kòkòrò; àti pé bí ẹ bá rí kòkòrò lára ọgbẹ́, ó lè jẹ́ pé lẹ́yìn tí ọgbẹ́ ti wà ló wá sùn síbẹ̀. Àkọ́kọ́ rọrùn láti dáhùn: kòkòrò náà ń sọ yúríà di ammonia, ìyẹn sì ń bomi paná àsíìdì tó yí i ká. Èkejì ló le.

Marshall gbé kòkòrò náà mu ní 1984, lóòótọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí wọ́n fi awò wo inú rẹ̀ lọ́jọ́ kẹwàá, inú rẹ̀ ti wú, kòkòrò sì wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́: kò ní ọgbẹ́. Ohun tó fi hàn ni pé kòkòrò náà lè mú inú ẹni tó dá ṣáká wú. Ẹnì kan ṣoṣo ni, kò sì sí àfiwé. Fún ìwé ìròyìn, ó tó. Fún dókítà tó fẹ́ yí ìwòsàn padà, kò tó.

Ohun tó yí wọn lérò padà ni àpadàbọ̀ ọgbẹ́. Oògùn tó ń dín àsíìdì kù máa ń wo ọgbẹ́ náà sàn, ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá ṣíwọ́ lílò rẹ̀, ó máa ń padà lára ọ̀pọ̀ wọn láàárín ọdún kan. Wọ́n wá pín aláìsàn sí méjì: àwọn kan gba oògùn àsíìdì nìkan, àwọn kan gba oògùn apakòkòrò pẹ̀lú. Lára àwọn tí kòkòrò náà kúrò lára wọn, ọgbẹ́ tó padà kò tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí kòkòrò bá kàn wá sùn síbẹ̀ ni, lílé e jáde kò ní dá ọgbẹ́ dúró. Láàbù tó pọ̀, ní orílẹ̀-èdè tó pọ̀, rí ohun kan náà láti ìparí àwọn ọdún 1980. Ní 1994, ìpàdé kan tí àjọ ìlera NIH ti Amẹ́ríkà pè sọ pé kí wọ́n máa fún ẹni tó ní ọgbẹ́ àti kòkòrò náà ní oògùn apakòkòrò. Ẹ̀bùn Nobel dé ní 2005, ìgbà yẹn iṣẹ́ ti tán tipẹ́.

Ìpàdé 1994 yẹn ni ohun tó sún mọ́ "ìgbìmọ̀" tí ẹ béèrè jù lọ. Kì í ṣe òun ló sọ tíọ́rì náà di òótọ́ o. Àwọn dókítà tí kò sí nínú ìwádìí ló ń sọ fún pé wọ́n lè bẹ̀rẹ̀.

Afìbéèrèṣiṣẹ́:

Ó yé mi wàyí. Bí èmi tí kì í ṣe onímọ̀ bá wá rí ìròyìn tuntun, kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ìwọ̀nLọba fèsì:

Ẹ wo bóyá ẹgbẹ́ mìíràn tó ní ẹ̀rọ tirẹ̀ ti wọ̀n ọ́n. Bí kò bá sí, ẹ dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí àwọn iṣẹ́ tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ṣe ń lò ó. Ṣé wọ́n ṣì ń dán an wò ni, àbí wọ́n ti sọ ọ́ di irinṣẹ́ fún nǹkan mìíràn? Àwọn tó ṣe GPS kò jókòó bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí Einstein. Aago tó wà lójú ọ̀run ń fi nǹkan bíi 38 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá yá lójúmọ́ ju ti ilẹ̀ lọ, wọ́n sì ní láti yọ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ máàpù á máa fi ọ̀pọ̀ kìlómítà ṣìnà lójoojúmọ́.

Kí ẹ sì ṣọ́ra fún ìròyìn tó bá ní "àwọn onímọ̀ ta kò ó torí pé wọ́n ń jowú", tí kò sì sọ ohun tí wọ́n fi ta kò ó.

Ìràwọ̀Òwúrọ̀ fèsì:

Àtúnṣe kékeré sí ọ̀rọ̀ @Ìwọ̀nLọba lókè, torí àwọn oníròyìn máa ń ṣì í kọ. Ẹ̀ẹ̀kan nínú mílíọ̀nù 3.5 kì í ṣe ìwọ̀n pé ó ṣeé ṣe kí Higgs jẹ́ irọ́. Ohun tó ń wí ni pé: ká ní kò sí Higgs kankan, ariwo dátà lásán á mú irú àmì tó ga tó bẹ́ẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan nínú mílíọ̀nù 3.5. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra létí, wọn ò jọra nínú ìṣirò.

Ìwọ̀nLọba:

Òótọ́ ni, mo kọ ọ́ ní kúkúrú jù. Ẹ ṣeun.